Cháàjì níbi ìpàgọ́: kí oníṣòwò má fi ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀

Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ọjà wà. Bí àwọn ọ̀dọ́ tàbí ìjọ bá pàgọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí pápá lágbègbè Ìperindó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àtàkúmọ̀sà Ìlà-Oòrùn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré débẹ̀, tí yóò máa bá èrò cháàjì fóònù. Ní báyìí tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà oníbátìrì ti ń wọ Nàìjíríà, àwọn kan ti ń wò ó pé cháàjì mọ́tò ló kàn. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú owó.

Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò tóbi jù, irú Nissan Leaf, ń gba nǹkan bíi yúníìtì 40, irú yúníìtì tí àwọn èèyàn ń rà sínú mítà. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í mú tó yúníìtì kan jáde ní wákàtí kan. Yóò lò ju wákàtí 60 lọ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kún. Ìpàgọ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Bẹ́ẹ̀ sì ni yúníìtì 40 yẹn lè cháàjì fóònù bíi 2,000. Onímọ́tò wo ló fẹ́ san owó tí èèyàn 2,000 ń san? Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣòfò.

Àwọn kan yóò ní sólà wà. Òótọ́ ni: ní 2021, àjọ NADDC ṣí ibùdó cháàjì ọkọ̀ onísólà sí yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó àti Yunifásítì Èkó. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú kan ló sì wà. Páálí sólà 400 wáàtì kan kò lè mú ju nǹkan bíi yúníìtì 2 wá lójúmọ́ tí oòrùn bá mú. Nínú oṣù August, tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, òjò kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí èrè wà ni ọ̀kadà. Ní Benin àti Togo, iléeṣẹ́ Spiro kì í dá ọlọ́kadà dúró: ó gba bátìrì tó ti tán, ó fún un ní èyí tó kún. Yúníìtì bíi méjì ti tó bátìrì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí oníṣòwò fi fóònù àti àtùpà bẹ̀rẹ̀, kó kọjá sí ọ̀kadà. Bí ọlọ́kọ̀ bá dé, kó ti sọ ṣáájú, kó san àsansílẹ̀, kí wọ́n sì fi yúníìtì díye lé e. Wáyà tín-ín-rín kò gbọdọ̀ sún mọ́ mọ́tò, nítorí iná lè sọ níbi àgọ́. Ẹni tó bá fi owó àjọ ra ẹ̀rọ ńlá kí oníbàárà tó dé ló ń wá gbèsè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.