Ẹ Yé Pè É Ní Àjẹ́ Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú, n ò sì ní í gbé e mì. Ẹ fi ohun tuntun kan han àwọn èèyàn wa; kí ẹnì kan tó wò ó dáadáa, ẹlòmíì á ti mirí: "Háà! Àjẹ́ òyìnbó nìyẹn. Tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe rere, tiwa la fi ń pa ọmọ jẹ." Ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 12, béèrè ní tirẹ̀. Tíṣà ń kọ́ wọn nípa iná mànàmáná, ó wá ní kí ló ń mú láítà gáàsì ìyá òun ṣáná, nígbà tí kò ní bátìrì, tí kò sì ní wáyà tí à ń kì bọ ara ògiri. Èsì tíṣà? "Àjẹ́ òyìnbó ni. Kọ nóòtì rẹ." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ bú sẹ́kún.

Nígbà tí láítà náà bàjẹ́, èmi àti ọmọ náà tú u. Sípírìn kékeré kan, òòlù tíńtín kan, àti ohun kan bí eyín ọmọdé, tó le bíi tánganran. "Àjẹ́" ọ̀hún nìyẹn o! Bí ẹ bá tẹ láítà, sípírìn á ká jọ, á sì ta òòlù lu tánganran yẹn: pà! Lílù yẹn á mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt jáde lára rẹ̀, iná á fò láti ẹnu irin kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n iná náà kéré, kì í sì í pẹ́. Ẹni tó bá ní òun yóò fi tan iná àdúgbò yín, ẹ má fowó yín fún un.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló rí i ní 1880 pé òkúta bíi quartz ń mú iná wá bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ní 1969, Heiji Kawai, ará Japan (ẹ gbọ́ o, kì í ṣe òyìnbó!), mú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PVDF. Ó fà á gùn, ó mú un gbóná, ó fi agbára iná ńlá sí i lára. Ike wá ń ṣe ohun tí òkúta ń ṣe. Lónìí, wọ́n ń lọ tánganran yẹn kúnná, wọ́n ń pò ó mọ́ ike, kí tánganran fún un lágbára, kí ike má sì jẹ́ kó fọ́. Ó ṣeé ká, ó ṣeé lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn kó máa ka bí iṣan ṣe ń lù. Ta ni nínú wa tí kò mọ nǹkan pò?

Ẹlòmíì á ní àwàdà lásán lọ̀rọ̀ àjẹ́ yìí. Rárá o. Òjé wà nínú irú tánganran tó wọ́pọ̀ jù. Kò yẹ kí ọmọdé fi sẹ́nu, kò yẹ ká lọ̀ ọ́ nílé. Ẹni tó pè é ní àjẹ́, níbo ni yóò ti mọ ìyẹn kó tó kìlọ̀ fún ọmọ?

Tíṣà, bí ẹ bá ń ka èyí, ọmọ náà ti kó gbogbo àfọ́kù láítà ọ̀hún sínú agolo. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, yóò gbé e wá sí kíláàsì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó ṣí i.