Ta ni yóò pariwo bí fáìlì kò bá dé?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà lóṣù yìí ni pé owó wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Láwọn ilé iṣẹ́ kan ní àgbègbè Lekki àti Ajah yìí, akọ̀wé kọ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi orúkọ wa àti iye tí wọ́n yọ lówó oṣù wa ránṣẹ́ mọ́. Akọ̀wé á kàn kó fáìlì náà sínú fódà kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ á máa yọjú wo fódà náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti rí fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ fún un, á gbé e lọ sí báńkì tàbí sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin awakọ̀ tí wọ́n ń ka ìrìn yín kí wọ́n tó sanwó, ìwé ìrìn tiyín náà lè máa gba ọ̀nà yìí kọjá.

Èmi kò bá ẹ̀rọ náà jà. Ọlọ́dẹ tí kì í sùn ni, kì í sì í gba rìbá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pa láṣẹ fún un nìkan ló mọ̀. Níbi iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọ tuntun tí wọ́n gbà sí ọ́fíìsì fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ fáìlì dípò lẹ́tà ńlá. Lójú ẹ̀rọ yẹn, orúkọ ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ó wo fáìlì náà, ó kọjá lọ. Oṣù méjì gbáko ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀, torí ìgbà tó bá gbé fáìlì tán nìkan ni wọ́n ní kó jíṣẹ́. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí ó dákẹ́ ni. Ó sì dákẹ́. Mánéjà ní kọ̀ǹpútà ló fà á. Ta ló wá kọ́ kọ̀ǹpútà láti dákẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán náírà 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, bá jẹ́ ₦100,000, ₦18,000 ló yẹ kó wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni òfin fún wọn láti fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìtanràn tí kò dín ní 2 nínú 100 wà lórí rẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. N kò rí i nínú òfin náà pé àfi bí kọ̀ǹpútà bá gbàgbé. Kódà bí owó bá dé tí ìwé orúkọ kò tẹ̀ lé e, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ti Lágbájá yàtọ̀ sí ti Làkáṣègbè? Owó á kàn wà níbẹ̀ bí ẹrù tí kò lólúwa.

Èyí tó tún burú jù, ẹ̀yin awakọ̀ á tètè mọ̀ ọ́n. Fáìlì ńlá kì í wọ fódà lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Bí ẹ̀rọ bá gbé e kó tó wọlé tán, ó dà bíi kọ̀ndọ́ tó ní kí dánfó máa lọ nígbà tí èrò ṣì fẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ ìwé ló máa jábọ́. Oògùn rẹ̀ kò le: kí ẹ̀rọ wo fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, bí kò bá tóbi sí i mọ́, kó tó gbé e. Lẹ́yìn náà, kó kó o kúrò sí fódà mìíràn kó má bàa gbé e lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ béèrè ni pé kí wọ́n dá àkókò fún ẹ̀rọ náà. Bí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì owó oṣù bá lù tí kò tíì rí fáìlì, kí ó ké sí ènìyàn méjì, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó lè wà ní ìsinmi. Kí iye orúkọ tó jáde sì bá iye orúkọ tó dé ọ̀hún mu, kí aṣojú òṣìṣẹ́ sì máa rí ìwé rẹ̀. Wọ́n lè ní owó ńlá ni yóò ná wọn. Ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ti ní àyè ìkìlọ̀ yìí lára; ẹni tí yóò ṣètò rẹ̀ ni kò sí.

Kí gbogbo yín mú ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kọjá àti àtẹ̀jíṣẹ́ PFA yín wá sí ìpàdé. Ẹ̀yin tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ yín rárá, ẹ wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí àwọn oníṣẹ́ òru tó wọlé.