Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Máòsì Tí Ń Fò àti Wi-Fi Tí Ń Já

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti kéú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹ̀yin ìyá má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká ní àdúgbò wa.

Ìyàwó kékeré ilé náà a máa fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, owó ibẹ̀ ni ó sì fi ń san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ méjì. Ṣàdédé ni máòsì rẹ̀, èyí tí kò ní wáyà, bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí tata. Yóò dúró gbọin, lẹ́yìn náà yóò sáré kọjá ibi tí ó ń lọ. Wi-Fi ilé, tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní yàrá ìyálé, náà ń já lemọ́lemọ́. Ó ra máòsì tuntun, pàbó ni. Nígbà tí ó yá, ó ní ọmọ ìyálé òun, tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ni ó ń dí òun lọ́nà. Ìyálé gbọ́, ó ní wọ́n pe ọmọ òun ní ọ̀bàyéjẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ dé mọ́sáláásí. Àbá búburú dídá sí ọmọnìkejì, tí Ọlọ́run kọ̀ fún wa nínú Súrátùl Hujuráátì, ti wọ ilé náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó jẹ̀bi kò ju àpótí pẹlẹbẹ kan lọ, tí kò tó ìwé àdúrà.

Hard disk ni àpótí náà, tí a fi ń tọ́jú ìwé àti àwòrán pamọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ihò tí ó tì í bọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ èyí tí dongle máòsì wà, ìyẹn ohun kékeré bí èékánná tí ń gba ọ̀rọ̀ máòsì sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gan-an ni ó yọ hard disk kúrò lójú wa, máòsì sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Máòsì aláìníwáyà, Bluetooth àti Wi-Fi, inú ìgbì rédíò ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀, bí asọ̀rọ̀mágbèsì. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń rìn ní ojú ọ̀nà kan tí a ń pè ní 2.4 GHz, ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ láìgba ìwé àṣẹ. Ìdí rèé tí èrò fi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ronú sí alẹ́ oṣù àwẹ̀, tí mọ́sáláásí mẹ́ta kọjú agbohùnsókè síra wọn: wáàsí kọ̀ọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró láàárín kò ní gbọ́ ọ̀kan délẹ̀. Ẹ̀yin ladáànì ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú.

Ti hard disk ṣàrà ọ̀tọ̀, nítorí wáyà ni òun fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń lo USB 3.0, tí inú ihò rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, a máa sáré púpọ̀, ariwo iná a sì máa tú jáde lára wáyà àti ihò rẹ̀ títí dé ọ̀nà 2.4 GHz yẹn. Ilé-iṣẹ́ Intel tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2012. Ariwo náà kì í rìn jìnnà, àmọ́ dongle wà ní etí rẹ̀ gan-an, Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà náà kò sì jìnnà sí i.

Ẹ kọ́kọ́ yí bátìrì máòsì padà, nítorí bátìrì tí ó ti rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ hard disk (kí ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ ọ́, kí ohun inú rẹ̀ má baà bàjẹ́). Bí máòsì bá dákẹ́, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ dá a padà, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ẹ fi ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Bí kò bá tó, ẹ ra wáyà USB tí a fi ń sọ ọ́ di gígùn, tí ó tó mítà kan, kí ẹ fi gbé dongle wá sí ìtòsí ọwọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní ilé tí mo wí nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó ti máòsì tuntun tí ó rà lásán.

Ní ti Wi-Fi, bí ẹ̀rọ yín bá ní 5 GHz, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba ibẹ̀. Ariwo yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n 5 GHz kì í fẹ́ràn ògiri, agbára rẹ̀ a máa dín kù ní yàrá tí ó jìnnà. Bí ó bá jẹ́ 2.4 nìkan ni ẹ̀rọ yín mọ̀, ẹ wá channel nínú ètò rẹ̀, kí ẹ mú 1, 6 tàbí 11, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀yìn fìríìjì. Irin a máa dènà rẹ̀. Bluetooth gbọ́n díẹ̀ ní tirẹ̀: láti 2003 ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa yẹra fún ibi tí èrò bá pọ̀ sí.

Microwave náà wà lójú ọ̀nà 2.4 GHz yìí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ kéú lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná kí ẹ tó gbé ọbẹ̀ sínú rẹ̀.