Ẹ dá fóònù padà fún ọmọ

Ẹ̀yin òbí! A gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ jíọ́lọ́jì tí wọ́n bá ń lọ wo àpáta ní etíkun Charmouth, ní Dorset. Wọ́n ní eré ni yóò máa fi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, irinṣẹ́ ni.

Tí ọmọ bá gbé e lé ìpele àpáta tó dà gẹ̀rẹ́, ó lè fi wọn bí ó ṣe dà tó àti apá ibi tó dà sí, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá, sátẹ́láìtì yóò fi ibi tó dúró sí hàn án, bó bá ṣáà ti gbé máàpù sínú fóònù láti ilé. Àmọ́ ẹ yọ àpò fóònù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì o! Ó máa ń ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà.

Òkun ló ń bà wá lẹ́rù ní tiwa. Omi a máa kún dé ẹsẹ̀ òkè, òkè náà a sì máa ya lulẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo àkókò tí omi ń fà kí ẹ tó jáde, ẹ má dúró sábẹ́ òkè. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, òtútù kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Bí ẹ bá rí ammonite, òkúta tó lọ́ bí ìgbín yẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá fún wa.