Ta Ló Ń San Ẹ̀dínwó?

Kò sí ẹni tó dàgbà n'Ìbàdàn tí kò mọ ọjà ná. Ní Bódìjà, bí aláta bá pe iye ata rẹ̀, o ò ní sanwó láìkọ́kọ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wàá ní ata ti rọ̀. Òun náà á ní oòrùn ni. Ẹ ó fà á títí yóò fi dọ́gba, á wá ju ẹyọ mẹ́ta sí i ṣe èènì, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín túká. Owó tí o yọ, inú èrè rẹ̀ ló ti jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pe iye. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dínwó ṣe di ohun tó dùn létí wa. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: bí ọjà bá pọ́ọ́kú, ta ló san èyí tó kù?

Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan l'Àgbowó ni ìbéèrè náà ti bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan pọn ọmọ wọlé. Ọmọ náà kò lè ju oṣù méje lọ. Itọ́ rẹ̀ ti rin aṣọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í bí ẹni tó sunkún títí tó rẹ̀ ẹ́.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ọmọ yìí gbóná láti àná. Eyín ló ń hù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà, tí kì í ṣe dókítà ṣùgbọ́n tí gbogbo àdúgbò ń pè bẹ́ẹ̀, gbé ìgò méjì kalẹ̀. Ọ̀kan ₦3,200, èkejì ₦1,100.

"Mummy, ẹ ò ṣe gbé e dé ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Owó káàdì ńkọ́? Ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ńkọ́?" Ó tú etí ìró, ó ka owó tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ fún mi ní ti kékeré yẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọgọ́rùn-ún kan níbẹ̀."

N kò lẹ́nu láti bá a wí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ka irú owó yẹn lábẹ́ irú iná yẹn, ìgò kan náà ni ọwọ́ mi ì bá nà sí.

Ti eyín yẹn ná. Àìmọye ẹ̀sùn là ń dì ru eyín: ara gbígbóná, ìgbẹ́ gbuuru, àìsùn. Àwọn dókítà ọmọdé kò gbà bẹ́ẹ̀. Eyín lè mú kí èrìgì dun ọmọ, kí itọ́ máa dà. Agbára rẹ̀ kò ká kí ara gbóná kọjá ààlà fún ọjọ́ méjì. Àsìkò tí eyín ń yọ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ni ààbò tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, òun náà sì ti ń rá, ó ń ki gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu. Àìsàn gba ibẹ̀ wọlé, a ní eyín ni. A fẹ́ràn orúkọ yẹn nítorí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tó wà n'Ìbàdàn, "eyín ni" ló pọ́ọ́kú jù.

Owó ló sì ń lé wa síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 lórí iye ti ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú oògùn wa ti ń wá, àwọn tí a ń ṣe nílé pàápàá, òkè òkun ni èròjà wọn ti ń wá. Ní Oṣù Kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kó ẹrù òun kúrò ní Nàìjíríà, iye oògùn wọn tí a mọ̀ sì fò lọ sókè lórí àtẹ. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 2024, àjọ ìṣirò NBS ní iye owó oúnjẹ ti fi 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìyá tí oúnjẹ ti gba gbogbo owó lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ni yóò ti gé? Ibi tí ebi kò ti pariwo ni.

Ìgò pọ́ọ́kú sì ní ìtàn láàárín wa. Ní òpin ọdún 2008, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọsibítù, ní UCH níbí, l'Ékòó, ní Zaria, tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Oògùn eyín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin ni wọ́n mu, ilé-iṣẹ́ Barewa l'Ékòó ló ṣe é. Èròjà tó yẹ kí wọ́n fi pò ó ni propylene glycol. Èyí tó wà nínú ìgò ni diethylene glycol, tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Wọ́n jọra lójú, wọ́n jọra lẹ́nu. Àmọ́ èkejì dínwó, ó sì ń pa kíndìnrín. Ọmọ 84 ló kú. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje, ó sì ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Ẹ wo bí ẹ̀dínwó ṣe ń kọ́wọ̀ọ́ rìn. Alágbàtà tó ta èròjà náà dín owó. Ilé-iṣẹ́ kò yẹ ohun tó rà wò dé ìdí. Ìyá yọ ti ọsibítù kúrò. Kálukú wọn rí díẹ̀ fi pamọ́. Ọmọ nìkan ni kò ná ọjà kankan, òun ló sì san gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1937, èròjà yìí kan náà pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún l'Amẹ́ríkà. Ọdún kejì ni wọ́n ṣòfin pé oògùn kò gbọdọ̀ dé ọjà láìṣe pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó léwu. Ní 1990, ó pa ọmọ 47 ní Jos. Ní 2022, àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́ta kú ní Gambia lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ tó wá láti Íńdíà. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ yọ owó àyẹ̀wò kúrò nínú iye oògùn, itẹ́ òkú ni yóò ti san án.

Ẹlòmíràn á ní kí òbí máa ṣọ́ra, kí ó wo nọ́mbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, kí ó họ páálí oògùn kí ó fi nọ́mbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó dára, kí á máa ṣe é. Àmọ́ My Pikin kì í ṣe ayédèrú o. Ó forúkọ sílẹ̀, ó sì ní nọ́mbà tirẹ̀. Èékánná kò lè họ èyí tó wà nínú omi. Lábòrátírì ló lè rí i, kò sì sí ìyá tó lè ra lábòrátírì fi sí ẹ̀gbẹ́ ìdáná l'Àgbowó.

Ọ̀fẹ́ wá ni ẹ̀dínwó tó ga jù lọ. Ní ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọ̀fẹ́ ní Islamic High School, Bàṣọ̀run, tí kò jìnnà sí Bódìjà. Òwúrọ̀ kùtù ni èrò ti kún ẹnu géètì. Ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ bú àwọn òbí pé wọ́n fi ojúkòkòrò kó ọmọ lọ. Èmi rò pé ìṣirò kan náà ni, ti ìyá tó ka owó etí ìró: nígbà tí ilé kò ní nǹkan tí yóò fi ṣọdún fọ́mọ, ọ̀fẹ́ kì í dà bí ewu lójú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀fẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ra ààbò.

Ọ̀nà tí a ó gbà jáde, ọjà wa mọ̀ ọ́n. Àwọn aláta Bódìjà kì í dúró dìgbà tí ìnáwó bá dé. Wọ́n ń dá àjọ. Ètò ìdójútòfò ìlera kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká jọ dá owó nígbà tí ara le, kí ọmọ tó bá ṣàìsàn lè wọ ọsibítù láìka owó lẹ́nu géètì. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Karùn-ún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA. Ohun tó kù ni kí alájọ dé ìsọ̀ aláta, kí ó dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, bí alájọ gidi ṣe máa ń dé lójoojúmọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wo ọmọ tó wà lẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀, ó gba ₦1,000. "Mummy, bó bá di ọ̀la tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ má padà wá síbí o. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ." Obìnrin náà dúpẹ́, ó jáde sínú òkùnkùn. Ọmọkùnrin náà ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó kọ iye tó gbà, ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, lára èrè mi náà ni."

Nínú gbogbo ẹ̀dínwó tó wà nínú ìgò yẹn, ọgọ́rùn-ún náírà yẹn nìkan ni mo mọ ẹni tó san án.