Etíkun Tí A Ń Sanwó Wọ̀, Tí Kò Ní Ṣálángá

Àkókò ọlidé tún ń súnmọ́ tòsí, àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń dá owó jọ láti lọ gbafẹ́ létí òkun. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí ó ń gbé Òkè-Odò wa yìí, tí ó ń fa èéfín ọkọ̀ símú ní Ilé-Epo láti òwúrọ̀ di alẹ́, atẹ́gùn òkun tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ibi tí kò bá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi tí ó mọ́ kò yẹ ní ibi tí a ń gba owó ìwọlé, bí ó ti wù kí yanrìn rẹ̀ funfun tó.

Láìpẹ́ yìí, àwa bí ogún ní àdúgbò wa gba ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, ibi mẹ́ta ni a sì yà. Tarkwa Bay ni àkọ́kọ́, ó sì dára. Ògiri òkúta tí a fi dí ìgbì òkun nígbà tí a ń tún ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ṣe, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ni ó mú kí omi ibẹ̀ rọ̀ tí ọmọdé fi lè lúwẹ̀ẹ́. Ìlàṣẹ ni a parí sí. Ibi kejì, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ni ó já wa kulẹ̀.

A sanwó ní ẹnu ọ̀nà. Àga wà, àgbóòrùn wà, ẹ̀rọ orin ń ké bí ààrá. Ìyá ọlọ́mọ kan nínú wa wá béèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti yàgbẹ́. Ọmọkùnrin tí ń gba owó ní, “Ẹ lọ sí abẹ́ àgbọn lọ́hùn-ún, Mọ́mì.” Abẹ́ àgbọn náà ni ibòòji wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń sáré kiri láìwọ bàtà. Ibẹ̀ náà ni kànga tí obìnrin tí ń dín ẹja fi ń fọ àwo wà.

Bàbá kan nínú wa ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé iyọ̀ òkun a máa fọ gbogbo ẹ̀gbin nù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ìgbì ń dé. Ta ni í lọ yàgbẹ́ níbi tí ìgbì ń dé? Yanrìn tí ó ní ibòòji, tí ó lọ́rinrin, tí ó sì móoru, ni ibi tí aràn tí àwọn dókítà ń pè ní hookworm fẹ́ràn. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Láàrin bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ó ti di ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí. Ìyẹn ni yóò gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, yóò gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, a ó gbé e mì, yóò sì jókòó sí ìfun, kí ó máa fa ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò máa rẹ̀, kò ní dàgbà bí ó ti yẹ; aboyún yóò sì di ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára.

Ti kànga burú jù. Ní erékùṣù oníyanrìn, omi òjò tí ó rì sínú ilẹ̀ a máa léfòó lórí omi iyọ̀, nítorí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ìdí nìyí tí kànga ibẹ̀ kì í fi í jìn, tí ẹ̀gbin orí ilẹ̀ sì ń tètè dé inú rẹ̀. Nítorí náà ṣálángá oníhò lásán kò tó níbẹ̀. Èyí tí a fi símẹ́ńtì dí nísàlẹ̀ ni ó yẹ. (Àwa onílé Òkè-Odò pàápàá, tí a gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ sọ́kàwéè, mítà 30 ni ó yẹ kí ó wà láàrin wọn.)

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ yín lójú irin-àjò, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ó má kún ju ẹnu ṣíbí lọ, mọ́ lítà kan omi tí ó mọ́. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí yíyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní Nàìjíríà kí ọdún 2025 tó parí. Ọdún náà dé, abẹ́ àgbọn ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí. Àwa sì lọ, àwọn ọmọ tí ń gbé ibẹ̀ kò lọ. Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ béèrè ṣálángá kí wọ́n tó sanwó ọkọ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n yà sí ibòmíràn.

Ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń yún lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tí ikọ́ sì tẹ̀ lé e, kí ó sọ fún dókítà pé òun rin yanrìn láìwọ bàtà. Bí wọ́n bá yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọn kò rí nǹkan, kí ó tún padà lọ, nítorí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin aràn náà tó hàn.