Ta Ni Ó Gba 'Orísun' Lẹ́nu Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ mi lónìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, kí ẹ má ṣe bínú sí mi. Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó nínú ọkọ̀ Ìsọlọ̀ kan ní Òṣòdì, tí à ń retí kí èrò kún. Ìyá àgbà kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan pé, "Ọmọ mi, ọmọ ibo ni ọ́?" Ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Mo wá láti Ìsọlọ̀, mà." Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí a jọ ń lọ kọ́ ni mo bi ọ́," ni ó wí.

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "emanate", "originate", "derive", "emerge". Bí a bá sì ń túmọ̀ wọn, "jáde láti" tàbí "wá láti" ni à ń fi bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Nínú ìwé ìdánwò tí mo máa ń yẹ̀ wò, omi "jáde láti" inú àpáta, èéfín "jáde láti" inú iná, àṣà "jáde láti" Ilé-Ifẹ̀, bí ẹni pé gbogbo wọn wọ bàtà, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì gba ọjà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni inú omi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí gan-an ti ṣẹ̀. Èdè Látìn ni wọ́n ti yá wọn. Ohun tí ń ṣàn ni "emanate" ń sọ. "Derive" gbé ọ̀rọ̀ fún odò kékeré pọ̀n. "Emerge" sì jẹ́ ti ohun tí ó rì, tí ó tún yọrí nínú omi. Òyìnbó kò da omi tirẹ̀ nù. Èé ṣe tí àwa ń da tiwa nù?

Omi ń sun lábẹ́ àpáta. Ibi tí orí ìsun náà wà ni orísun. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú "sunkún", nítorí ẹkún náà ní ìsun tirẹ̀. Bí omi bá ti sun, ṣíṣàn ni ó kù: odò Ògùn sun ní agbègbè Ṣakí, ó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Oòrùn ń yọ, èéfín ń rú, irúgbìn ń hù. Ènìyàn a sì máa tú síta bí ìbẹ̀rù bá lé e. Ẹni tí ó wà ní Ìsọlọ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá omi Òkè-Àfá lọ, kò jẹ́ sọ pé ńṣe ni wọ́n kàn "jáde láti" ilé wọn.

Ti ìran àti àṣà ni "ṣẹ̀". Inú rẹ̀ ni a ti rí ìṣẹ̀dálẹ̀, ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti ìṣẹ̀ṣe. Landuji Òṣòdì, ìjòyè Ọba Kòsọ́kọ́ tí ó kú ní ọdún 1868, Tápà ni ó ti ṣẹ̀ wá; síbẹ̀ ta ni yóò pìtàn Èkó tí kò ní dárúkọ rẹ̀? "Wá" nìkan kò lè ru ẹrù yìí. Ẹni tí ó wá ọjà lánàá náà wá.

Àwọn kan yóò ní èdè a máa yí padà. Mo gbà, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá pa mẹ́fà jẹ, n kò lè pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè. Bí ẹ bá tún ń kọ́ wọn ní aáyan ògbufọ̀, ẹ má ṣe gba "jáde láti" fún omi. Ẹ fagi lé e.

Ìyá àgbà inú ọkọ̀ kò kúkú fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó tún un bi: "Bàbá rẹ ńkọ́, ibo ni ó ti ṣẹ̀ wá?" Ọmọ náà ní Ìlá Ọ̀ràngún ni. Kí ọkọ̀ tó dé Ìsọlọ̀, ìyá ti ń ki í lóríkì ará Ìlá. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mọ ẹyọ kan nínú rẹ̀.